Ẹ Gba Délì Là

Ṣé ẹ ti wọ délì rí? Ilé oúnjẹ àwọn Júù ni o, níbi tí wọ́n ti ń ta pastrami, ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, tí wọ́n wá fi èéfín yan. Ní 2009, David Sax, ọmọ Toronto, ń ti ìlú bọ́ sí ìlú láti polówó ìwé rẹ̀, Save the Deli. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ yẹn. Ẹran wọ́n, owó ilé ga, ọmọọmọ àwọn oníbàárà sì ti kó kúrò ládùúgbò. Ní New York, owó ilé ló lé Second Avenue Deli jáde ní 2006. A dúpẹ́, ó tún ṣí níbòmíràn ní 2007. Ti Carnegie Deli, tó ṣí ní 1937, kò rí bẹ́ẹ̀: òpin 2016 ló kógbá wọlé. Katz's ti 1888 ṣì wà, èrò sì ń tò síbẹ̀.