Ògùnpa, Ààtàn àti Àwọn Ará Ìbàdàn

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò kan rọ̀ ní ìlú Ìbàdàn tí àwọn tí ó ṣojú wọn kò lè gbàgbé láéláé. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá ni ó fi rọ̀, omi tí ó sì rọ̀ sílẹ̀ tó mìlímítà 274. Odò Ògùnpa, tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kún àkúnya. Ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn. Ó ya wọ inú ọgbà ẹranko Agodi, ó sì ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ní ti iye àwọn tí ó kú, ìròyìn kò ṣọ̀kan: àwọn kan ní ó lé ní 100, àwọn mìíràn ní ó lé ní 200. Omíyalé ni àwọn ará ìlú sọ irú ìkún omi bẹ́ẹ̀.

Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ni ó pa ènìyàn. Ògùnpa ti kún ní ọdún 1960 àti ọdún 1963. Ó tún kún ní ọdún 1978, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829 ti gbòòrò láti orí òkè wá sí àfonífojì, ilé sì ti dé bèbè odò. Inú odò náà fúnra rẹ̀ ti di ààtàn: ewé àti háhá àgbàdo láti ọjà, èèpo iṣu, agolo, táyà, àkísà, àti ọ̀rá nígbà tí ọ̀rá dé. Níbi tí ó yẹ kí omi gbà kọjá lábẹ́ afárá, pàǹtírí ti dí i pa. Omi tí kò bá sì rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà, ọ̀nà ọmọ ènìyàn ni yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ ààtàn yìí yẹ ní àgbéyẹ̀wò, nítorí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwà ọ̀bùn ni ó sọ Ògùnpa dà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì ní Yorùbá kò mọ bí a ti í tọ́jú ìdọ̀tí. Irọ́ gbáà ni. Ní agboolé àtijọ́, obìnrin a jí gbálẹ̀ ní ìdájí, yóò sì kó ohun tí ó gbá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èèpo iṣu jẹ́ ti ewúrẹ́, eérí jẹ́ ti adìẹ, eérú ni wọ́n sì fi ń ṣe ọṣẹ. Èyí tí ó ṣẹ́kù a jẹrà, a di ilẹ̀ dúdú tí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú máa ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ fi fún ènìyàn ń padà sí ilẹ̀. Ohun tí ó ba ètò náà jẹ́ ni pé ilé fún mọ́ ilé títí ẹ̀yìnkùlé fi tán. Oúnjẹ ń ti oko jíjìn wọ ìlú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò padà sí oko mọ́. Nígbà tí ọ̀rá tí kì í jẹrà sì wá dàpọ̀ mọ́ èèpo náà, ààtàn kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Odò nìkan ni ó kù tí kì í kọ ohunkóhun.

Àwọn ìjọba gbìyànjú láti fi àṣẹ tún un ṣe. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, wọlé-wọlé ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kóòtù ni. Àwọn ìyá bẹ̀rù rẹ̀, àwọn ọmọ ń sá fún un, ìmọ́tótó sì wà dé ibi tí ojú wọlé-wọlé tó. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, kò sì pẹ́ tí ìmọ́tótó àyíká fi di ọ̀rọ̀ àṣẹ: ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù, kí olúkúlùkù dúró sílé kí ó gbálẹ̀. Gọ́tà mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá gọ́tà kan náà ni wọ́n kó ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde sí, títí òjò fi gbá a padà sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn tí ń gbálẹ̀ léèrè ibi tí ó yẹ kí wọ́n da ìdọ̀tí sí.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó béèrè. Ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún àwọn ìlú ńlá dé Ìbàdàn, wọ́n sì pè é ní Sustainable Ibadan Project. Ìjọba nìkan kọ́ ni ó jókòó nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà náà sì wà níbẹ̀. Ọjà Bódìjà, tí iṣu, ẹ̀wà, ata àti ẹran ti ń wọ ìlú, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ti pẹ́ ní Yunifásítì náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí bí a ti lè sọ pàǹtírí ọjà di ajílẹ̀. Láti inú èyí ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter ti jáde ní Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún náà.

Iṣẹ́ ibẹ̀ rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa ọ̀rá, ìgò àti irin kúrò. Wọ́n á po èyí tí ó lè jẹrà mọ́ ìgbẹ́ màálù láti ibi ìpẹran, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á sì máa yí i padà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọ inú rẹ̀. Òkìtì náà a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè gbà á. Ooru yìí ni ó ń pa kòkòrò àrùn àti èso èpò. Bí ó bá tutù tí ó sì dúdú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò fún àgbẹ̀. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé àtijọ́ náà ni, àfi pé ó ti tóbi sí i, ó sì ti ní ẹ̀rọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ọ̀rá bá ti dàpọ̀ mọ́ èèpo láti ìsọ̀, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tú wọn sílẹ̀ tán. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ọwọ́ obìnrin tí ń ta ata.

Ibi ìpẹran Bódìjà náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màálù ń ṣàn wọ inú odò. Ní ọdún 2005, ètò kan tí Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, Cows to Kilowatts, gba ẹ̀bùn SEED. Bí ìdọ̀tí bá jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò dé, gáàsì methane ni ó ń tú jáde, èyí tí ó ń mú ayé gbóná gidigidi. Èrò wọn ni pé kí wọ́n sé gáàsì náà mọ́ inú àgbá kí ó lè di ohun ìdáná, kí ìyókù sì di ajílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, Omíyalé padà wá. Mìlímítà 187.5 ni òjò náà. Kò tó ti ọdún 1980, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni ó fi rọ̀. Wọ́n ti fi kọnkéré kọ́ ojú odò Ògùnpa nígbà náà, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àwọn odò mìíràn kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì tún bá omi lọ. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí àyálò 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí ìkún omi ní Ìbàdàn. Owó bẹ́ẹ̀ lè gbẹ́ odò, ó lè kọ́ afárá. Kò tíì sọ fún ìyá kan ní Bódìjà ibi tí yóò da agbọ̀n èèpo rẹ̀ sí ní alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá dé.