Etí Ajá Onírun Gígùn ní Ash-Town

Ní oṣù kẹfà ọdún kan tí òjò kò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, mo lọ kí ìyá àgbàlagbà kan ní Kùmásì, ní Ashanti New Town, àdúgbò tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè ní Ash-Town, nítòsí ààfin Manhyia. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá náà, ṣùgbọ́n Kùmásì ni wọ́n bí i sí. Ajá kan dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, irú ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní spaniel. Irun rẹ̀ gùn, ó pupa bí epo, etí rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ wálẹ̀ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ọmọ-ọmọ ìyá ló rà á fún un. Ìyá pe ajá náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò mira.

Ó ní, "Ṣé o rí i, ọmọ mi? Etí ikún ló ń kọ sí mi. Mo ti nà án títí, kò yí padà."

Ajá náà gbọn orí, ó tún un gbọ̀n, ó wá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá, mo gbé etí rẹ̀ kan sókè. Òórùn tó jáde níbẹ̀ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe etí ikún o. Etí ń dùn ún ni."

Ìyá dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì sọ.

Ohun tí mo gbé lọ́kàn kúrò nílé náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: báwo ni ẹranko tí gbogbo ilé fi ń yangàn ṣe ń di adití lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ẹwà ajá yìí rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbé ẹwà náà ró kò bá a wá.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ajá. Ajá ìbílẹ̀ tiwa àti ti àwọn Àṣáńtì, tí àwọn ń pè ní ɔkraman, kò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn: irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ gbẹ, etí rẹ̀ a sì máa nàró. Ọdẹ kò nílò òòyà láti tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, yóò fọwọ́ wá eégbọn lára rẹ̀, pàápàá nínú etí àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó tán. Etí yìí gan-an ni ọdẹ ń wò nínú igbó, nítorí etí ajá a máa yí sí ibi tí ẹran wà kí ojú èèyàn tó rí i. Lọ́dọ̀ àwọn Akan, ajá ni àmì ìdílé Aduana, wọ́n sì máa ń ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú iná lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, ajá ni ẹran Ògún. Ìyẹn náà jẹ́ irú ìmọrírì kan, bí ajá tilẹ̀ lè má gbà bẹ́ẹ̀.

Òwe wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èèyàn tó kọ ìmọ̀ràn ni a ń fi bá wí, ṣùgbọ́n kí àwọn olùkọ́ èdè dárí jì mí bí mo bá gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ajá gan-an. Ajá tí kò gbọ́ fèrè lè jẹ́ aláìgbọràn. Ó sì lè jẹ́ aláìsàn. Lọ́dọ̀ àwọn tó pa òwe yìí, etí ajá nàró, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ìdí fún wọn láti ronú kan àìsàn. Nígbà tí ajá mìíràn dé, òwe kò yí padà, ẹgba ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ lé e.

Ajá mìíràn náà ní ìtàn tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ilẹ̀ Sípéènì. Gaston Phébus, ìjòyè ilẹ̀ Faransé kan tó bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọdẹ ní 1387, sọ pé ibẹ̀ ni irú ajá tó ń bá wọn lé ẹyẹ yìí ti wá. Ìwé kan náà sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ajá àti bí a ṣe ń wò ó sàn, èyí tó fi hàn pé lọ́dọ̀ àwọn tó ni ajá náà, ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ọdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1570, John Caius, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ní èdè Látìnì lórí àwọn ajá ilẹ̀ rẹ̀, spaniel sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún àti irà tútù, kí ó lé ẹyẹ jáde fún ọ̀gá rẹ̀. Irun náà ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gún àti òtútù.

Ọba tí orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ spaniel kéékèèké ni Charles Kejì, tó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1660 sí 1685. Samuel Pepys kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1667 pé ọba ń bá ajá ṣeré nígbà tí ìgbìmọ̀ ń jókòó. Ọba yìí kan náà ló fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò wúrà àti ẹrú ní etíkun wa ní ìwé àṣẹ, ní 1660, ní 1663 àti ní 1672, James àbúrò rẹ̀ ni olórí wọn. Ní 1663 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà kan tí wọ́n fi orúkọ etíkun Guinea pè. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, Osei Tutu ti ń kó àwọn ìlú Àṣáńtì jọ sábẹ́ Kùmásì. N kò sọ pé ajá ọba dé Kùmásì nígbà náà o. Wúrà ló kọ́kọ́ lọ sí London. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà ìgbé ayé àwọn tó fi wúrà náà lówó padà bọ̀ wá bá wa, ajá wọn sì wà nínú rẹ̀.

Kí ó tó dé, ajá náà ti yí padà. Ìdíje ẹwà ajá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1859, wọ́n sì dá Kennel Club sílẹ̀ ní London ní 1873. Láti ìgbà náà, bí ajá ṣe rí lójú adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í borí iṣẹ́ tó lè ṣe nínú igbó. Irun ń gùn sí i, etí ń wúwo sí i. Irú ti Amẹ́ríkà, tí àwọn alájá ibẹ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946, ní irun tó pọ̀ débi pé igbó tí wọ́n torí rẹ̀ bí baba ńlá rẹ̀ di ìṣòro fún un.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kùmásì ní 1896, wọ́n mú Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn. 1924 ni ó tó padà, wọ́n sì kọ́ ààfin Manhyia fún un ní 1925. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn aṣojú ìjọba àti oníṣòwò òyìnbó ń gbé Kùmásì bí wọ́n ti ń gbé Ìbàdàn àti Èkó, àwọn kan nínú wọn sì ń sin ajá. Ọ̀gá ló ni ajá, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí okùn ti já nìyí. Ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ kò wọ ìwé, kò sì wọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀gá lọ, ajá òyìnbó di àmì ọlá, gbogbo ajá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di Bingo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo etí náà fúnra rẹ̀. Ojú ọ̀nà etí ajá kò lọ tààrà bí ti èèyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá yà wọ inú bí ìgbọ̀nwọ́. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde. Etí spaniel tún bo ẹnu ihò náà bí ọmọrí ìkòkò. Nínú ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín kan tí ń jẹ́ Malassezia, ìbátan ìwúkàrà, yóò máa pọ̀ sí i. Awọ yóò pọ́n, yóò wú, ihò yóò fún, ìgbọ́ràn yóò sì máa dín kù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 lórí ajá 22,333 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 7 nínú 100 ló ní àrùn yìí láàárín ọdún kan, ewu rẹ̀ fún ajá tí etí rẹ̀ rọ̀ sì ju ìlọ́po kan àbọ̀ ti ajá tí etí rẹ̀ nàró. Ilẹ̀ tútù nìyẹn o. Kùmásì ń gba òjò tó tó 1,400 mìlímítà lọ́dún, ó sì ń gbà á nígbà méjì.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, àìsimi ló fẹ́. Irun máa ń dì ní ẹ̀yìn etí, ní abẹ́ apá àti láàárín ìka ẹsẹ̀. Òòyà eléyín fífẹ̀ la fi ń yà á láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí orí ọmọ tí irun rẹ̀ takókó. A ń gé irun inú etí mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí ajá bá wẹ̀ tàbí bí òjò bá pa á, a gbọ́dọ̀ nu etí náà gbẹ. Oògùn ìfọtí tí dókítà ẹranko bá fún wa ni a ń dà sí i. A ó rọra fọwọ́ pa ìdí etí, a ó jẹ́ kí ajá gbọn orí, a ó wá fi òwú nu ohun tó bá jáde. Igi tí a fi òwú wé kò dára, nítorí ó ń ti ẹ̀gbin wọlé síwájú sí i ni. Bí etí bá sì ti ń dun ajá, kí dókítà kọ́kọ́ wo ìlù etí rẹ̀, nítorí oògùn mìíràn wà tó ń pa ìgbọ́ràn bí ìlù náà bá ti lu. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù, tí àwọn kan ń fi pa ajá lára nítorí àrùn awọ, májèlé ni. Ajá a máa lá ara rẹ̀.

Kí ẹni tó ń ka èyí ṣàkíyèsí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo lò: òòyà, yíya irun, takókó, dì. N kò yá ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn onídìrí ni wọ́n wà. A máa ń sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọdẹ, tí ajá rẹ̀ kò nírun, ni a ti ń wá a.

Mo padà lọ sí Ash-Town lẹ́yìn tí dókítà ti rí ajá náà. Ìyá wá sọ ìdí tí òun fi dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ gan-an nínú àwọn tó lọ. Ìyá jẹ́ ọmọge nígbà náà, irun ló ń dì. Ajá ìbílẹ̀ kan wà nílé wọn, kò sí àyè fún un nínú ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó ní, "Mo pè é láti orí ẹrù, kí n tó rántí pé kò yẹ kí n pè é. Ó gbọ́. Ó sá tẹ̀ lé wa títí mọ́tò fi yà. Ìyẹn gbọ́ mi, mo fi sílẹ̀. Èyí kò gbọ́ mi, mo ń nà án."

Etí ọ̀tún ajá náà ti jinná nígbà yẹn; ti òsì kò tíì gbọ́ràn dáadáa. Ìyá gbé abọ́ oúnjẹ wá. Kí ó tó gbé e kalẹ̀, ó fa gèlè àtijọ́ kan yọ, ó ká etí méjèèjì sókè kúrò lójú ọbẹ̀, ó sì wé e yí orí ajá náà ká bí ẹni tó ń múra fún ọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn alájá máa ń ra aṣọ tí wọ́n rán fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.