Ọ̀yọ́-Ilé: Ìlú tí Ogun Tú, Igbó tí Ẹranko Jogún

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn Yorùbá dé ìwọ̀n kan tí kò tíì gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ibẹ̀ kò pọ̀. Ìlú náà ti di ahoro láti nǹkan bí ọdún 1836, inú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ ni ahoro ọ̀hún sì wà lónìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wo odi ìlú Aláàfin, ilé ẹranko ni yóò gbà kọjá. Ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàrin odi àti ẹranko yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Àwa onítàn a máa wo ẹranko bí ìdènà lójú ọ̀nà. Àwọn kan tí ẹranko jẹ lógún náà a sì máa wo odi bí òkìtì amọ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ìlú náà ti rí kí ó tó tú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé amọ̀ ni a fi mọ odi ìlú náà, pé gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà gbígbẹ yí i ká, pé ẹnubodè 10 ni ó ní, àti pé bí ènìyàn bá rìn yí i po yóò tó máìlì 15. Ó fi kún un pé igbó dídí kan tún yí odi náà ká.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni a sábà máa ń fò kọjá. Irú igbó wo ni? Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ni ó là á yé wa. Igbó ilé ni wọ́n ń pè é. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí lẹ́yìn odi, kí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá má baà já lu ìlú lójijì, kí ẹni tí ogun bá sì lé padà lè rí ibi forí pamọ́ sí. Ọ̀ràn ni ẹni tí ó bá gé igi níbẹ̀ dá. Ọ̀yọ́ tí agbára rẹ̀ dúró lórí ẹṣin mọ ibi tí agbára ẹṣin pin sí, ó sì fi igi ṣe ọmọ ogun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé òfin má-gé-igi jẹ́ òfin òyìnbó tàbí ti Àbújá kò wádìí ọ̀rọ̀ dójú àmì. Ti ẹranko ni a lè jiyàn lé. Ti igi kì í ṣe nǹkan tuntun rárá.

Bí ìlú náà ṣe tú kì í ṣe ìtàn tí ó yẹ kí n fà gùn níhìn-ín. Àwọn ará Ìlọrin ti kọ́kọ́ kó o lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ni Aláàfin Olúewu bẹ àwọn Ìbàrìbá lọ́wẹ̀, tí wọ́n jọ lọ gbógun ti Ìlọrin nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀. Ogun náà ṣẹ́ wọn. Aláàfin kú, Ẹlẹ́dùwẹ̀ náà kú. Níhà Ìlọrin ni ìjà ńlá yìí ti wáyé, kì í ṣe lábẹ́ odi Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ̀rù ni ó kó ìyókù àwọn ènìyàn jáde, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí kọ́ ni ìgbà kìn-ín-ní tí igbó gba ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ogun Tápà ti lé Ọ̀yọ́ kúrò, wọ́n sì pẹ́ ní Ìgbòho. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó wọn padà sílé, àwọn ìjòyè tí ibùgbé wọn ti tù lára kò fẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó abuké, àfín àti arọ lọ sórí òkè tí ó wà nínú ahoro náà, pé kí wọ́n máa ké lóru bí iwin, kí wọ́n máa wí pé kò sí àyè. Ẹ̀rù ba àwọn tí ọba rán lọ tún ilẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọba rán ọdẹ. Àwọn ọdẹ dọdẹ àwọn iwin náà, wọ́n sì mú wọn wálé. Ọba kò sọ̀rọ̀ púpọ̀: igbá ọtí ni ó fi ránṣẹ́ sí ìjòyè kọ̀ọ̀kan, “iwin” tí ìjòyè náà rán lọ ni ó sì gbé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ ohùn ẹranko lóru ni kò jẹ́ kí ohùn ènìyàn tan òun jẹ. Ó dá mi lójú pé bí kò bá sí ọdẹ, Ọ̀yọ́ ì bá má padà sílé nígbà náà.

Lẹ́yìn ìtúká kejì, kò sí ẹni tí ó padà. Ìjọba amúnisìn sọ apá òkè odò Ògùn di igbó ọba ní 1936, ó sì sọ Ọ̀yọ́-Ilé náà di bẹ́ẹ̀ ní 1941. Ní 1952 wọ́n di igbó ìtọ́jú ẹranko. Òfin ọdún 1991 ni ó fi ìdí ọgbà ti ìjọba àpapọ̀ múlẹ̀, ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ohun tí àwọn aṣòfin rò kì í ṣe odi. Igi àti ẹran ni. Síbẹ̀ odi ni ó jàǹfààní jù. Kò sí katakata tí ó tú u, kò sí ẹni tí ó bu amọ̀ rẹ̀ mọ ilé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Frank Willett fi rí ohun tí ó ṣe ìwádìí lé lórí ní 1956 sí 1957, tí Robert Soper àti Patrick Darling sì fi lè ṣe àpèjúwe àwọn odi náà nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1980.

Bí a bá mọ èyí, ìwà àlejò níbẹ̀ yóò yàtọ̀. Òkété àti òòrẹ̀ a máa gbẹ́ ihò. Ẹni tí ó bá fi ọkọ́ lé wọn bọ inú ihò nídìí odi ti da ìpele ilẹ̀ tí onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ìbá kà bí ìwé rú. Ẹni tí ó bá tiná bọ igbó kí ẹran lè jáde ń jó osè àti irúgbá, igi tí ó sábà máa ń fi ibi tí ènìyàn ti gbé rí hàn wá. Ìnàkí náà a máa jẹ èso àwọn igi wọ̀nyí, a sì máa gbé kóró wọn kiri. Ẹ má ṣe sọ búrẹ́dì sí i, nítorí ìnàkí tí ó bá ti mọ adùn búrẹ́dì yóò di olè lọ́nà àlejò, ìbọn ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ dúró jìnnà sí àgbọ̀nrín tí ó ń mu omi. Ẹ fi àpáàdì sílẹ̀ níbi tí ẹ bá a. Àpáàdì tí a kó lọ sílé kò lè sọ ìtàn kankan mọ́. Mo ti rí àlejò tí ó gbé rédíò tí ó ń pariwo wọ irú ibi báyìí, tí ó sì ń ráhùn pé òun kò rí ẹran.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ni ó sì le jù. Àwọn ọdẹ Ìgbẹ̀tì, Ìgbòho àti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kì í ṣe àlejò nínú igbó yìí. Ìlú wọn ti wà nítòsí igbó yìí kí òfin tó dé, òfin sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n jogún di ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a tún ṣí igbó náà sílẹ̀ fún ìbọn. Ẹran tí ó kù kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tí yóò ṣe amọ̀nà àwọn olùwòran láàrin odi, ta ni ó tún kù tí a ó pè ṣáájú wọn? Kí a gbà wọ́n síṣẹ́, kí a sì san owó tí ó tó ohun tí ẹran ìbá mú wá fún wọn. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá àgbà ọdẹ rìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìmú ìbọn dání, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó ń pe odò, àpáta àti ojú ẹnubodè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.