Solara tòkúnbọ̀: ohun tí ẹ máa wò kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tó tuni lára nílùú Ìlọrin, Toyota Solara ni mo máa ní kó wò. Ọmọ ìyá Camry ni, kò nira fún mẹkáníìkì wa láti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ìran kejì rẹ̀ jẹ́ ti 2004 sí 2008. Ẹ ka nọ́ńbà ṣásì: mẹ́tàdínlógún ni, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún. Tí wọ́n bá ní 2007 ni, tí ẹ wá rí 5 níbẹ̀, irọ́ ni. Kí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bá ṣásì mu o.

Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí ńkọ́? Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, kí ẹ wá da omi lé e. Èmi ò dà á. Òjò àkọ́kọ́ ní Tanke ló ba ìjókòó mi jẹ́. Aṣọ òrùlé ọ̀hún ò sì sí lára Camry kankan.