Yíyọ dáńpà kúrò lórí kíráǹkì ọkọ̀

Dáńpà ni òrùka irin wíwúwo tó wà ní imú kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá irin tí písítìn ń yí, níwájú ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, òun àti púlì tí bẹ́líìtì ń gbà ti di ohun kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé bẹ́líìtì nìkan ló wà fún. Àwọn tó fẹ́ràn eré sísá a máa yọ ọ́, wọn a fi púlì alumíníọ̀mù fífúyẹ́ tí kò ní rọ́bà nínú rọ́pò rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè tètè gbéra. Lóòótọ́ ni ìwúwo dín kù. Iṣẹ́ tí ìwúwo ọ̀hún ń ṣe níbẹ̀ ni wọn kì í sábà béèrè.

Ẹni tó bá rí kíráǹkì nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì á rò pé irin gbọnrangandan tí ohunkóhun ò lè lọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí epo bá gbiná nínú sìlíńdà, písítìn a ti apá kan kíráǹkì tipátipá, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tó so mọ́ fíláíwíìlì ò fẹ́ kánjú. Irin náà á lọ́ díẹ̀, á sì tún dá padà. Ojú ò lè rí lílọ́ yìí. Gbogbo irin ló sì ní iye ìgbà tó máa ń gbọ̀n tí a bá lù ú tí a fi í sílẹ̀. Ká mú ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́fà kan tí kíráǹkì rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni epo ń gbiná nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná 300 ló ń ràn ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìtì kọ̀ọ̀kan wá ń bọ́ sí àkókò gan-an tí irin ń lọ sápá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà, lílọ́ náà sì ń pọ̀ sí i ni.

Dáńpà ló ń gba ìyẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Òrùka rẹ̀ kò so mọ́ kíráǹkì gírígírí. Rọ́bà ló wà láàárín wọn. Bí imú kíráǹkì bá fẹ́ ta síwájú, òrùka a lọ́ra. Bó bá fẹ́ padà, òrùka ṣì ń lọ. Rọ́bà á nà, á tún sún kì, agbára ìgbọ̀nrìrì á sì di ooru lásán. Wọ́n máa ń wọn ìwúwo òrùka àti líle rọ́bà mọ́ kíráǹkì tó wà fún ni, nítorí náà dáńpà ẹ́ńjìnì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún òmíràn. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì dísù ńláńlá, òróró sílíkónì tó ki gan-an ló máa ń wà dípò rọ́bà.

Ìṣòro yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́fà dọ́gbà lọ́jọ́ orí. Kíráǹkì ọkọ̀ Rolls-Royce alágbára ẹṣin 30, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1905, máa ń ṣẹ́, Henry Royce fúnra rẹ̀ ló sì wá ojútùú sí i. Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Birmingham, gba ìwé àṣẹ lórí dáńpà tirẹ̀ ní ọdún 1910. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1929, ọkọ̀ òfurufú Graf Zeppelin gbéra láti Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà. Mẹ́rin nínú ẹ́ńjìnì Maybach márùn-ún tó gbé e ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì di dandan kó balẹ̀ ní Cuers, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Kíráǹkì wọn ló ṣẹ́, ìgbọ̀nrìrì ló sì ṣẹ́ ẹ.

Èrè tí wọ́n ń wá ńkọ́? Nínú ohun tó ń yí, jíjìnnà ìwúwo sí àárín ló ṣe kókó ju iye kìlógíráàmù lọ, òrùka yìí ò sì fẹ̀. Ká ní a yọ kìlógíráàmù 2 tó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ́ńjìnì sì ń gòkè láti 2,000 dé 6,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí a bá ṣírò rẹ̀, agbára tá a rí gbà kò pé ti ẹṣin kan. Bí ọkọ̀ bá sì dúró sórí eré kan, òfo ni. Ní jíà kìn-ín-ní ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n báwo lọkọ̀ ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀? Àwọn púlì kan tiẹ̀ tún kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí alternator àti pọ́ǹpù omi fi ń rọra yí. Èyí ń dá agbára díẹ̀ padà lóòótọ́, àmọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, bátìrì lè má gba iná tó, ẹ́ńjìnì sì lè gbóná jù.

Ohun tó mú kí àríyànjiyàn yìí má tán ni pé ẹni tó yọ dáńpà lónìí lè wa ọkọ̀ rẹ̀ títí láìrí nǹkan kan. Kíráǹkì kúkúrú tó nípọn kò nílò rẹ̀ púpọ̀: Volkswagen Beetle, tí àwọn ará wa ń pè ní Ìjàpá, púlì lásán ló gbé jáde ní ilé iṣẹ́. Èyí tó gùn, bíi ti ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́fà tó tò sórí ìlà kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìlà tó tín-ínrín ju irun lọ ló máa ń kọ́kọ́ là ní kọ̀rọ̀ irin, tí á sì máa gùn sí i lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi já. Nígbà mìíràn, ohun mìíràn ló ń kọ́kọ́ lọ. Nínú ẹ́ńjìnì RB26 ti Nissan Skyline GT-R, imú kíráǹkì ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì, àwọn tó ń fi í sáré sì mọ̀ bí jíà inú pọ́ǹpù yẹn ṣe máa ń fọ́. Ẹni tó yọ dáńpà á sì ní ọ́ìlì ayédèrú ló kó bá òun.

Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dán an wò lára wọn rárá. Chevrolet 400 tó jáde ní 1970, àti 5.0 inú Ford Mustang àwọn ọdún 1980 sí 1989, ní ìwúwo kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan dáńpà, kí kíráǹkì lè wà ní déédéé. Bí a bá yọ ọ́ láìfi irú rẹ̀ sí i, gbogbo ẹ́ńjìnì á máa jà lójú ẹsẹ̀.

Rọ́bà dáńpà náà ń gbó, pàápàá nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ láyé. Òrùka a máa yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí àmì táímìnì bá wà lára rẹ̀, ẹni tó ń fi í tún iná ẹ́ńjìnì ṣe á ṣì í. Bó bá jábọ́ pátápátá lórí eré, ohun tó bá wà lọ́nà rẹ̀ ló máa gbá. Ìyẹn ló fà á tí àjọ NHRA tó ń ṣètò ìdíje eré kúkúrú ní Amẹ́ríkà fi ní kí ọkọ̀ tó bá sáré tó ìṣẹ́jú àáyá 10.99 tàbí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lo dáńpà tó ní àmì SFI 18.1, ẹ̀rí pé kò ní fọ́ dànù lórí eré.