Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn ní Nàìjíríà: Àríkọ́gbọ́n fún Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859. Nítorí náà, fífi ẹ̀rọ tan ìmọ̀ kálẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá. Ohun tí a gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ipa aṣáájú nígbà tí ọ̀nà ìkọ́ni bá ń yí padà.

Ní 1983, ìjọba Shehu Shagari dá yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tí a mọ̀ sí NOUN lónìí sílẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun fi tì í pa ní 1984. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ni Ààrẹ nígbà tí a jí i dìde ní 2002. Lẹ́yìn tí ó kúrò lórí àlééfà, òun náà di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 2017 ó yege nínú ìdánwò àfẹnusọ fún oyè ọ̀mọ̀wé.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta 2020, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kò lè kọ́ni lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ tún dá kún un. Èrò wa ni pé ọdún méjìdínlógún tí a fi ti ilẹ̀kùn NOUN wà lára gbèsè tí a san nígbà náà. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ ní òfin àti owó tirẹ̀, kí ìyípadà ìjọba má baà gé e kúrú. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.