Súwẹ́tà Lábẹ́ Agbádá: Ìmúra Àwọn Bàbá Wa ní Jos

Àbúrò wa kan bèèrè lánàá bóyá kóun má kó agbádá wá sí Jos rárá, torí òtútù. Ẹ gbọ́ ná.

Ìlú yìí ga tó bíi mítà 1,200; ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ ibí fi ń wọ eegun. Kuza tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ló mú rélùwéè wá: ọ̀kan dé Bukuru ní 1914, èyí tó gba Port Harcourt dé Jos ní 1927. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin wá ṣòwò.

Òfì àti kíjìpá nípọn, ó gbà wọ́n díẹ̀. Àmọ́ oníṣòwò tí ò múra, ta ló máa tajà láwìn fún un? Wọn ò bọ́ agbádá o! Nígbà tó yá, gwanjo, òkìríkà tiwa nílé, ló gbà wọ́n: súwẹ́tà lábẹ́ bùbá, agbádá lókè, wọ́n á fa etí abetí-ajá wálẹ̀ bo etí tiwọn. Àwọn ìyá wa á da ìborùn méjì. Àwọn ará ilé ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n ti di ará òkè. Lójú tèmi, ó yẹ wọ́n.

Àbúrò, kó agbádá ẹ wá. Súwẹ́tà, ibí ni kó o ti rà á. Owó tuntun tó o fẹ́ ná l'Ékòó, fi kún ọjà.